Ìdì Ìfẹ́ tí Ọ̀gá Kuramochi Kò Tú

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí Ọ̀gá Kuramochi Tokusaburo ti ga tó, kí ó má ṣe wo orí rẹ̀, nítorí ènìyàn kúkúrú ni. Ìbọ̀wọ́ funfun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó wò. Ní ìlú Namitsu tí ó wà ní etí òkun, gbogbo ìjòyè ìjọba ni ó ní ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi àlùmọ́gàjí gé ríbọ́ọ̀nù ilé tuntun. Bí ríbọ́ọ̀nù bá ti já, wọn a bọ́ ọ sápò. Ti Ọ̀gá Kuramochi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi í mu tíì, ó ń fi í ṣí ìwé, àwọn aláwàdà ìlú sì máa ń sọ pé ó ń fi í sùn, kí ríbọ́ọ̀nù má baà ká a mọ́ ojú oorun.

Òun ni olórí Ẹ̀ka Ìrànwọ́ fún Títọ́ Ọmọ ní ọ́fíìsì ìlú. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí kò díjú. Ìjọba ní kí a máa bá àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́ san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó jẹ́lé-ó-sinmi, kí ó má baà jẹ́ pé gbogbo ohun tí ìyá gbà níbi iṣẹ́ ni yóò kó fún ẹni tí ń bá a mójú tó ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yé ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ohun tí ó bá yé ewúrẹ́ kì í tẹ́ ọlọ́lá lọ́rùn. Ọ̀gá Kuramochi yẹ ìrànwọ́ náà wò lọ́tùn-ún lósì, ó sì rí àbùkù ńlá kan lára rẹ̀: ènìyàn lè gbà á kí ó má mọ ẹni tí ó yẹ kí òun dọ̀bálẹ̀ fún.

Báyìí ni ó ṣe dá Ọjọ́ Ọpẹ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo òbí tí ó ń jẹ àǹfààní ìrànwọ́ náà gbọ́dọ̀ péjọ sí gbọ̀ngàn jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu olórí ẹ̀ka, kí wọ́n sì tẹríba pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òbí tí a kò bá rí, odidi owó ni yóò san lóṣù náà. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́? Nítorí pé Ọ̀gá Kuramochi kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ni. Ẹ wá wo làákàyè: ìrànwọ́ tí a dá sílẹ̀ fún ẹni tí ó níṣẹ́, tí ó wá di pé ẹni tí kò níṣẹ́ nìkan ni ó lè ráyè wá gbà á.

Àṣà kan wà ní ẹ̀ka náà tí a kò kọ sínú òfin kankan. Bí ọ̀gá bá ti parí gbólóhùn, gbogbo òṣìṣẹ́ a fa èémí sínú pọ̀, wọn a ní “Háà!” bí ẹni tí a da omi tútù sí lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó mí, ọ̀gá ti rí i. Ẹni tí ó bá mí kí gbólóhùn tó parí, oníwàǹwára ni. Ọ̀gbẹ́ni Nezu, akọ̀wé ọ̀gá, ni ó mọ̀ ọ́n mí jù lọ. Òun náà ni ó máa ń gbé sálúbàtà ọ̀gá sínú àpótí tẹ̀lé e kiri, nítorí ní gbogbo ilé tí a ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni a ti ń ya àlejò ní sálúbàtà, Ọ̀gá Kuramochi kò sì gbà kí ẹsẹ̀ òun wọ inú ohun tí ẹsẹ̀ gbogbo ayé ti wọ̀.

Nezu yìí ni ó fi ìgboyà bèèrè ọ̀rọ̀ kan ní òwúrọ̀ tí wọ́n kéde Ọjọ́ Ọpẹ́.

“Ọ̀gá, àwọn òbí kan ń bèèrè pé… pé báwo làwọn ṣe máa kúrò níbi iṣẹ́.”

“Nezu.”

“Sà.”

“Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ fẹ́ bí ọ, ṣé ó kọ́kọ́ lọ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó rọbí?”

“Rárá o, sà.”

“Ìfẹ́ kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!”

“Háà!” ni gbogbo ọ́fíìsì wí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nílẹ̀ tí ó dàgbà ju Ọ̀gá Kuramochi lọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà ní Namitsu pé gbogbo ìlédìí tí ọmọ bá lò ní jẹ́lé-ó-sinmi ní ọ̀sán, àwọn tíṣà a ká a jọ, wọn a dì í sínú àpò ọ̀rá, òbí a sì gbé e lọ sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni a ń kọ gàdàgbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Àwọn ìyá a gbé e wọ bọ́ọ̀sì, wọn a gbé e na ọjà, wọn a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ra tòmátì bí ẹni pé àwọn kọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ni ó ń kùn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí a kùn sí, títí tí Tíṣà Umeki, olórí Jẹ́lé-ó-sinmi Hamanasu, fi wá sí ọ́fíìsì láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ ra garawa onídèérí, kí a sì máa wá kó o dànù.

Obìnrin yìí ti nu ìdí ìdajì àwọn ọlọ́pàá ìlú náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kì í sì í bẹ̀rù aṣọ ìjọba.

Ọ̀gá Kuramochi dìde dúró. Ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ le.

“Garawa! Tíṣà Umeki, ẹ ronú o. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí ni yóò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ìlédìí yẹn, lẹ́tà ni! Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ń kọ láyé! Nínú rẹ̀ ni òbí yóò ti mọ bóyá ara ọmọ le tàbí kò le. Òbí tí kò bá tú u, tí kò wò ó, tí kò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo bi yín, irú òbí wo nìyẹn?”

“Háà!”

“Ọ̀gá,” ni Tíṣà Umeki wí, “nígbà ooru, lẹ́tà yìí máa ń rùn.”

Nezu fẹ́rẹ̀ẹ́ mí. Ó rántí pé ọ̀gá kọ́ ni ó sọ̀rọ̀, ó sì gbé èémí náà mì.

Ṣùgbọ́n òórùn ni ọ̀rọ̀ náà fi wọ ọ̀gá lọ́kàn. Ó mọ̀ pé ìgbà ooru náà ni Ìyáàfin Todoroki, igbákejì gómìnà, fẹ́ wá bẹ Namitsu wò, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìrànwọ́ náà ti ń ṣe, kí ìjọba sì mọ̀ bóyá ìrànwọ́ náà yóò máa bá a lọ. Àhesọ sì wà pé bí inú ìyá náà bá dùn, a óò pe olórí ẹ̀ka kan gòkè lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀. Kò yẹ kí ojú rẹ̀ rí àpò ọ̀rá. Ọ̀gá Kuramochi bá mú búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà, ó jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó kọ “Ìdì Ìfẹ́” pẹ̀lú ìlà títẹ̀ àti ìlà gígùn, ó sì ní kí a tẹ ìkọ̀wé náà sára aṣọ ìdìrù aláwọ̀ àlùkò fún gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi ìlú. Inú aṣọ náà ni kí a máa di ìlédìí sí. Bẹ́ẹ̀ ni owó garawa ṣe di owó aṣọ. Wọ́n rẹwà, kí a má purọ́. Ẹni tí ó bá rí ìyá kan tí ó gbé e nínú bọ́ọ̀sì a rò pé ó ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ ni, títí tí atẹ́gùn yóò fi fẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́bàá èbúté, níbi tí wọ́n ti ń gún ẹja, tí wọ́n sì ń sè é bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Isobe Hatsune wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lójú agbami, ó ń dọdẹ ẹja ńlá, ìgbà tí òkun bá yọ̀ǹda rẹ̀ ni ó ń wálé. Ọmọ wọn obìnrin, Konomi, ni ó wà ní Hamanasu. Ìyáàfin Okazue, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn tí ń dúró ti ẹ̀rọ, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Hatsune, ṣé ọpẹ́ yín yìí ò tíì tán ni?”

“Ọ̀la tún ni, Àǹtí. Igbákejì gómìnà ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́.”

“Ọ̀la? Ẹja ò mọ Ọjọ́ Ọpẹ́ o. Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́, tóo bá tún fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíì lo máa bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ.”

“Mo mọ̀. Tí mi ò bá lọ, odidi owó ni màá san fún Konomi. Owó oṣù mi ò sì tó odidi.”

“Tóo bá wá lọ ńkọ́?”

“Kò ní sí owó oṣù.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí ẹkún bá ti pọ̀ jù láti yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Ó dáa,” ni Okazue wí. “Láàárọ̀ ọ̀la, mo ń fi ọkọ̀ gbé ẹja lọ sọ́jà. Ìwọ lo máa bá mi di àwọn páálí mú. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹja, kò kúrò níbi iṣẹ́. A máa dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Hamanasu. Wọlé, tẹríba, jáde. Tí mo bá fọn fèrè, kódà kórí ẹ wà nílẹ̀, gbé e, kóo sáré bọ̀.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Ọ̀gá Kuramochi wà nílé, ó ń gé bàrà olómi fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ ọmọ yìí. Ọ̀gá kò bí ọmọkùnrin, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣe, ọkọ tí ó fẹ́ Sayoko ọmọ rẹ̀ ni ó gba orúkọ ìdílé wọn. Kuramochi ni ọmọ náà ń jẹ́, Kuramochi Ritsuki, ọ̀gá sì máa ń pe orúkọ náà bí ẹni tí ń ki oríkì.

“Bàbá Sayoko, ó tó o,” ni Fumie ìyàwó rẹ̀ wí láti orí ìjókòó tí ó na ẹsẹ̀ wíwú sí. Ó ti fẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn. “Ikùn ọmọdé ni.”

“Ikùn Kuramochi ni.”

“Ikùn Kuramochi náà mọ ìdí ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ máa mú un wálé lọ́la o. Sayoko wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ ẹ̀ náà ò sí nílé, ẹ ẹ̀ sì rí ẹsẹ̀ mi.”

“Èmi? Níwájú igbákejì gómìnà?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí Hamanasu ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, kí wọ́n lè ṣe àpèjẹ fún un?”

Òótọ́ ni. Láti fi hàn bí a ti ń ran òbí tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá ti pàṣẹ pé kí jẹ́lé-ó-sinmi ti ilẹ̀kùn ní ìdajì ọjọ́, kí olúkúlùkù òbí sì wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó gé bàrà mìíràn fún Ritsuki.

Ilẹ̀ mọ́. Gbọ̀ngàn Hamanasu kún fún òdòdó. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tò sí ẹ̀yìn, wọ́n ń dán èémí wò. Lórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọ̀gá, Nezu gbé ẹ̀bùn àlejò kalẹ̀: yókàn, ẹ̀wà tí a fi ṣúgà sè títí tí ó fi dì bí ọṣẹ, èyí tí Namitsu fi lókìkí. Aṣọ Ìdì Ìfẹ́ ni a fi dì í, nítorí ọ̀gá ni, ta ni yóò fi aṣọ mìíràn dì í? Kò pẹ́, Tíṣà Umeki dé, ó gbé ìdì mìíràn tì í, aṣọ kan náà, kókó kan náà.

“Ọ̀gá, ti Ritsuki rèé. Ọmọ yín mà kọ̀wé láàárọ̀ yìí o! A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí aṣọ tó máa gbà á.”

Nezu wo ìdì méjèèjì. “Ọ̀gá, ṣé kí n so bébà pupa díẹ̀ mọ́ ti ẹ̀bùn, ká lè mọ̀ ọ́n?”

“Ṣé kóo fi bébà bo ìkọ̀wé mi?”

“Háà,” ni Nezu wí fúnra rẹ̀.

Ìyáàfin Todoroki wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn láìka ipò sí. Ọ̀gá Kuramochi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òkun kò tíì ní etí. Ó sọ nípa ìyá, ó sọ nípa ìyá àwọn ìyá, ó fi ìjọba wé ọmú, ó fi ara rẹ̀ wé orí ọmú náà. Ó dé orí ìlédìí, ó sì ní kí wọ́n máa kà á bí lẹ́tà. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, “Háà!” Àwọn òbí tí wọ́n jókòó sílẹ̀ ń wo aago lábẹ́ apá aṣọ wọn.

Nígbà tí ó yá, a pe Isobe Hatsune. Ó ti bọ́ bàtà rọ́bà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọ̀n irun ṣì wà lórí rẹ̀, ìpẹ́ ẹja kan sì ń dán létí rẹ̀ bí yẹtí. Konomi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba bébà tí Ọ̀gá Kuramochi fúnra rẹ̀ ti kọ, ó ń kà á:

“Èmi, ìyá aláìnírànlọ́wọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí àkókò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí nítorí oore Ọ̀gá wa Kuramochi—”

Fáàà! ni fèrè ọkọ̀ ké níta.

Hatsune yára kíkà. “—tí mo máa ń jókòó jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí mo máa ń tú Ìdì Ìfẹ́—”

Fáàà! Fáàà!

Ó dúró. Ó wo bébà, ó wo ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Todoroki na ọrùn.

“Ta ló ń fọn fèrè yẹn, ọmọ mi?”

“Ibi iṣẹ́ mi ni, Màmá. Ẹ dákun ẹ má bínú.”

“Ṣé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni?”

“Ó ń lọ, Màmá. Mo fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n lè wá dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n lè wà nídìí ẹ̀rọ.”

Gbólóhùn náà parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka gbọ́ pé ó parí. Àṣà ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀, wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n fa èémí sínú.

“Háà!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: nínú gbogbo háà tí a ti mí ní ìlú Namitsu, èyí nìkan ni ó ti inú wá.

Hatsune tẹríba, orí rẹ̀ kàn ẹní, ó gba ìdì Konomi lọ́wọ́ tíṣà, ó sì sáré jáde. Ìyáàfin Todoroki yí ojú sí ilẹ̀kùn. Ó ń wo ibi tí bàtà rọ́bà ti ń dún lọ.

Òógùn bo Ọ̀gá Kuramochi. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́, ẹ̀bùn nìkan ni ó sì lè gbé e dìde. Ó yí sí tábìlì. Ìdì méjì. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì. Ó ronú bí ọ̀mọ̀wé: yókàn jẹ́ ohun tí ó wúwo, nítorí náà, èyí tí ó wúwo jù ni yókàn. Kò sí ohun tí ó ba ìrònú náà jẹ́ ju bàrà olómi lọ.

Ó fi ọwọ́ funfun méjèèjì gbé èyí tí ó wúwo síwájú igbákejì gómìnà, ó sì sọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ tí ó yẹ kí olúfúnni sọ.

“Ohun kékeré tí kò níye lórí rárá ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ọkàn ìdílé mi àti ti ìlú yìí wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á bí lẹ́tà.”

“Ó mà wúwo o,” ni Ìyáàfin Todoroki wí. Ó gbà á tọwọ́tọwọ́. Kò tú u, nítorí ọmọlúwàbí kì í tú ẹ̀bùn lójú ẹni tí ó fún un. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba, àwọn fèrèsé wà ní títì nítorí ooru, wọ́n sì lọ.

Ọ̀gá Kuramochi gbé Ritsuki àti ìdì kejì dé ilé. Ó kọjá lọ tààrà sí ibi ìdalẹ̀sí.

“Ẹ ẹ̀ ní tú u wò ná?” ni Fumie bèèrè.

“Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?”

“Ikùn ọmọ náà ń run ún látàárọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí òbí máa tú u, kó kà á láti—”

“Àwọn òbí ni mo bá sọ̀rọ̀. Èmi, bàbá àgbà ni mí.”

Ó jù ú nù. Ọkọ̀ ìdọ̀tí dé ní àárọ̀, ó sì gbé yókàn tí ó dára jù ní ìpínlẹ̀ náà lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti wò ó títí: bí ọkùnrin yìí bá ti pa òfin tí ó fi dá gbogbo ìlú lóró mọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìtàn yìí ì bá máà sí.

Ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ẹ̀bùn tí a bá gbà, gbogbo ọ́fíìsì ni ó ń jẹ ẹ́ pọ̀ ní àkókò tíì. Wọ́n to ife, wọ́n to àwo, wọ́n mú ọ̀bẹ tí a ó fi gé yókàn. Akọ̀wé kan tú kókó aṣọ náà. A ṣí fèrèsé, kò tó. A ṣí ilẹ̀kùn, kò tó. Lára ohun kọ̀ọ̀kan tí a ká jọ sínú rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí gàdàgbà gadagba: KURAMOCHI RITSUKI.

“Ìwọ̀sí rèé, Màmá!” ni akọ̀wé náà ké, ó fi ọwọ́ di imú.

Ìyáàfin Todoroki wò ó fún ìgbà díẹ̀. Òun náà ti jẹ́ ìyá ọmọ ọwọ́ nígbà kan; ó ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí àwọn ènìyàn ń yẹra fún un. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé ó ń sunkún ni.

“Ó ní kí n kà á bí lẹ́tà,” ni ó wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. “Ó sì ṣeé kà dáadáa.”

Nígbà tí ìpè dé láti olú-ìlú pé kí Ọ̀gá Kuramochi wá, ọ́fíìsì Namitsu di ilé ìyàwó. Nezu ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún un. Gbogbo òṣìṣẹ́ sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n tò, wọ́n tẹríba, wọ́n sì mí háà kan tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi ní láti jókòó sílẹ̀.

Ìyáàfin Todoroki fi tíì ṣe é ní àlejò. Ó bi í léèrè nípa ìrìn-àjò. Lẹ́yìn náà ni ó wí jẹ́jẹ́ pé:

“Ara Ritsuki ńkọ́? Ṣé inú ẹ̀ ti dára?”

Ọ̀gá Kuramochi rẹ́rìn-ín ìgbéraga. “Ó ti dára, Màmá. Ẹ… ẹ mọ Ritsuki?”

“A ti ka lẹ́tà ẹ̀.”

Kò tètè yé e. Nígbà tí ó yé e, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó rí tábìlì Hamanasu náà lójú inú, ó rí ìdì méjèèjì, ó rí ibi ìdalẹ̀sí ilé rẹ̀.

“Èyí tẹ́ẹ gbé lọ sílé ńkọ́,” ni ìyá náà bèèrè, “ẹ ẹ̀ tú u ni?”

Ọ̀gá Kuramochi fa ìbọ̀wọ́ tuntun rẹ̀ le.

Ìyáàfin Todoroki gbé aṣọ àlùkò kan sórí tábìlì. A ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, a sì ti dì í pẹ̀lú ohun kan nínú, nítorí ẹni tí ó bá dá aṣọ ìdìrù padà kì í dá a padà lófo. Ọ̀gá Kuramochi tẹríba, ó fẹ́ gbé e sápò.

“Rárá o, Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi. Èyí, ẹ tú u níbí.”

Ó tú u. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni, èyí tí ó nípọn, tí ó gùn dé ìgúnpá, aláwọ̀ òféfèé.

“Ìrànwọ́ náà máa tẹ̀ síwájú,” ni igbákejì gómìnà wí. “Ọjọ́ Ọpẹ́ ti parí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wà. Ìlédìí náà, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e lọ sílé mọ́. A máa ra garawa, a sì máa rán ọkọ̀ kó o. A wá ń wá ẹni tó máa ṣe alábòójútó ọkọ̀ yẹn. Mo bi ara mi pé, ta ló mọyì lẹ́tà yìí tó yín?”

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Nezu ni a fi sí ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mí háà mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan rí i níwájú dígí, ó ń wọn ìbọ̀wọ́ funfun wò. Ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ kò tíì pọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ lórí igi.

Ní òwúrọ̀ kan tí ooru ti ń rọlẹ̀, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan dúró lẹ́yìn Jẹ́lé-ó-sinmi Hamanasu. Ọkùnrin kúkúrú kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Hatsune sì ń gun kẹ̀kẹ́ jáde. Ó ti fi Konomi sílẹ̀, agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣófo, àwọ̀n irun ti wà lórí rẹ̀.

“Ọ̀gá! Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ọ̀gá Kuramochi na ọrùn. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Ó fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà náà le.

“Isobe Hatsune. Ní òwúrọ̀ ìtàn bí irú èyí, tí ìyá àti ìjọba—”

Fáàà! ni fèrè ké láti ìsàlẹ̀ òpópónà.

“Ẹ má bínú, Ọ̀gá, iṣẹ́ ń pè mí!” Ó sì ti lọ.

Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú ìyókù gbólóhùn lẹ́nu. Kò sí ohun tí a lè fi í ṣe, ó bá gbé e mì. Ó ṣí garawa, ó sì ń kó àwọn ìdì kéékèèké tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó bá ọ̀kan pàdé tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó gbé e sókè, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, bí ó ti yẹ kí ó fi ọgbọ́n wọn ìdì méjì nígbà kan. Ó fúyẹ́.

“Inú ọmọ náà ti dára,” ni ó wí.

Ó dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan yóò mí. Kò sí ẹni tí ó mí. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn jẹ́lé-ó-sinmi tí ó kàn.